Bàbá Bẹnuwá, Ẹni Tó Ń Wá Ẹ̀jẹ̀ Ọmọ Nínú Ẹ̀jẹ̀ Ìyá

Háà, Bàbá Bẹnuwá! Ẹ ti lọ náà nìyẹn. Ojú tí ẹ fi ń wá ohun tí ojú tiwa kò lè rí ti pa dé. Ẹnu tí kì í purọ́ fún aláìsàn ti dákẹ́. A pè yín títí, ẹ ò dáhùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, orúkọ mi ni Sàlámátù. Manígìrì ni mò ń gbé. Iṣu àti kajú ni èmi àti Ràímì ọkọ mi ń gbìn. Mi ò bá Bàbá Bẹnuwá tan. Mùsùlùmí ni mí, ìjọ Kátólíìkì ni wọ́n ń lọ. Nígbà tí Ìyá Sẹ̀sílì, ìyàwó wọn, ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére, mo bi wọ́n pé ṣé kò sí ọmọ ni, àbí kò sí àbúrò? Wọ́n ní, "Wọ́n wà. Ṣùgbọ́n ìwọ lo mọ ohun tí ọkọ mi ṣe tí àwa kò lè fi ẹnu ara wa sọ." Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́. Mi ò ní bù mọ́ ọn, mi ò sì ní bù kúrò níbẹ̀.

Ará Basílà ni bàbá tó bí Bàbá Bẹnuwá, èdè Àníì ni wọ́n ń sọ. Ọmọ Manígìrì ni ìyá wọn, ìyẹn ni Yorùbá fi yọ̀ lẹ́nu wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Àníì máa ń fa ohùn wọn sókè níbi tí kò yẹ, tí àwa obìnrin á sì máa rẹ́rìn-ín. Kútọnu ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Wọ́n padà wálé, wọ́n ṣí ilé àyẹ̀wò kékeré kan sí Basílà, yàrá méjì péré. Nítorí rẹ̀ ni gbogbo wa fi ń pè wọ́n ní Bàbá Làbó.

Bàbá, ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ báyìí.

Ẹ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín sọ̀rọ̀ bí ẹ bá ti dojú kọ awò tí ẹ fi ń wo ẹ̀jẹ̀. Ètè yín á máa mì díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ti ń kà. Bí èèyàn bá wọlé tó kí yín, ẹ ó gbé ọwọ́ kan sókè, kó dúró nìyẹn. Ìyàwó yín ní ọ̀gá ọlọ́pàá kan dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ kan títí ẹsẹ̀ fi ń ro ó, tí ẹ ò sọ̀kalẹ̀ lórí àga. Nígbà tí ẹ kà á tán, ẹ wò ó, ẹ ní, "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ọmọ kan ni mò ń wá."

Ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn fi ń ṣẹ̀fẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni kò mọ̀, èmi náà kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, pé ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní résùs. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní in, àwa díẹ̀ ni kò ní in. Bí ìyá tí kò ní in bá gbé oyún ọmọ tó ní in, kò sí ìjà níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì kò bá pàdé. Àmọ́ lọ́jọ́ ìbímọ, tàbí bí aboyún bá ṣubú, ẹ̀jẹ̀ ọmọ lè jò sínú ti ìyá. Ara ìyá á rí àlejò, á sì kọ́ bí yóò ṣe máa pa á. Ọmọ tó kọ́kọ́ wá yóò ti bọ́ ní tirẹ̀. Èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni ìyà ń dúró dè. Abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n máa ń gún fún ìyá láàárín ọjọ́ mẹ́ta tó bímọ, kí ara rẹ̀ má baà kọ́ ìjà náà. Iye abẹ́rẹ́ tó máa tó dúró lórí bí ẹ̀jẹ̀ ọmọ tó jò bá ṣe pọ̀ tó. Ta ni yóò wá mọ bó ṣe pọ̀ tó? Ẹ̀yin ni.

Ẹ máa ń fi ẹ̀jẹ̀ ìyá kun orí dígí pẹlẹbẹ, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ bọ inú omi kíkan kan, lẹ́yìn náà ẹ ó fi aró pupa sí i. Hóró ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà kò lè fara da omi kíkan náà, á ṣá, á dàbí òjìji. Hóró ẹ̀jẹ̀ ọmọ lágídí jù ú lọ, pupa rẹ̀ kì í ṣí. Ẹ sọ fún mi nígbà kan pé, "Sàlámátù, ó dàbí ìgbà tí èso kajú pupa bá já sáàárín ewé gbígbẹ. Ẹni tó bá fara balẹ̀ ló ń rí gbogbo rẹ̀ ṣà."

Fàtáì, àkọ́bí mi, ló mú mi mọ̀ yín. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni mo bí i. Ọmọ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n olóbí kọ̀, kò jáde. Agbẹ̀bí fi ọwọ́ yọ ọ́, ẹ̀jẹ̀ sì dà púpọ̀. Nígbà tí ó yẹ ìwé mi wò, ó rí i pé mi ò ní résùs, Fàtáì sì ní in bíi ti bàbá rẹ̀. Ó fa ẹ̀jẹ̀ mi sínú ìgò kékeré, ó fi lé Ràímì lọ́wọ́, ó ní, "Gbé e lọ bá Bàbá Làbó ní Basílà. Kí wọ́n bá wa kà á." Ràímì gun alùpùpù rẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti padà dé pẹ̀lú ìwé tí ẹ fọwọ́ sí. Ohun tí ẹ kọ ni pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ tó jò kò tó nǹkan, abẹ́rẹ́ ẹyọ kan tó. Wọ́n gún mi ní ẹyọ kan. A kó ọmọ jáde, a jẹ, a mu.

Ọmọ pé ọjọ́ mẹ́rìndínlógún nígbà tí ẹ wá sílé wa. Oòrùn wà ní àtàrí. Bàtà yín kún fún eruku pupa. Ìyá ọkọ mi gbé omi fún yín, ẹ gbà á, ẹ ò mu ún. Ẹ ní kí wọ́n bá yín pe Ràímì lóko. Ẹ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò títí ó fi dé. Bí ẹ ti rí i ni ẹ dìde dúró.

Ẹ ní, "Ràímì, iṣẹ́ tí ẹ gbé fún mi, mo bà á jẹ́. Omi kíkan tí mo lò ti pẹ́ nílẹ̀ jù, ó ti yí padà, ó sì pa pupa ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ́ mọ́ ti ìyá. Àná ni mo dán an wò lára ẹ̀jẹ̀ okùn ìwọ́, èyí tó jẹ́ pé ti ọmọ ni gbogbo rẹ̀. Òun náà ṣá. Ìgbà yẹn ni ó yé mi. Mo mú dígí kejì tí mo fi ẹ̀jẹ̀ ìyàwó yín kùn tí mo tọ́jú, mo po omi tuntun, mo tún un kà. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ kún inú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ kan kò tó. Ó kéré tán, mẹ́ta ló yẹ kó gbà."

Ràímì ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ gún méjì tó kù nígbà náà."

"Ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Kò lè ṣiṣẹ́ mọ́."

"Kí ni yóò wá ṣẹlẹ̀?"

"Ọmọ tó wà lọ́wọ́ yìí kò ní nǹkan kan. Èyí tó bá tẹ̀ lé e ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Ó lè ṣàìsàn. Ó lè kú." Lẹ́yìn náà ni ẹ ní, "Bó bá ṣẹlẹ̀, kì í ṣe àbíkú, kì í ṣe ayé. Kì í ṣe ìyá yín, kì í ṣe ìyàwó yín. Èmi ni. Orúkọ mi ni kí ẹ dá."

Fàtáì wà lẹ́nu ọmú mi. Mi ò sunkún. Ohun tí mò ń rò ni pé kí ló gbé ọkùnrin yìí wá? Ká ní ẹ jókòó sí Basílà, ta ni ì bá mọ̀ láéláé? Ràímì ò rò ó bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹ máa lọ. Ẹ má tẹ agbolé yìí mọ́." Ẹ̀yin tí ẹ tó bàbá bí i, ẹ dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un lórí ilẹ̀. Ẹ dìde, ẹ gbọn eruku nù, ẹ lọ.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé Ìyá Sẹ̀sílì ti dí yín lọ́nà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Àwọn fúnra wọn ló sọ fún mi. Wọ́n ní àwọn dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, àwọn ní, "Bí o bá sọ èyí jáde, ta ni yóò tún gbé ẹ̀jẹ̀ wá fún ọ?" Èsì yín ni pé, "Bí mi ò bá sọ ọ́, wọ́n á wá ẹni mìíràn tí wọ́n á fi ẹ̀bi rẹ̀ kọ́ lọ́rùn." Bí Ìyá Sẹ̀sílì sì ti wí náà ló rí. Ọ̀rọ̀ náà tàn dé Alédjo. Fún bí ọdún kan, àwọn èèyàn ń gba iwájú làbó yín kọjá lọ sí Jugú láti lọ ṣàyẹ̀wò. Ẹ ò tìlẹ̀kùn. Àràárọ̀ ni ẹ ń po omi kíkan tuntun. Ẹ kì í sì í ka ti aboyún kankan láìjẹ́ pé ẹ ti fi ẹ̀jẹ̀ okùn ìwọ́ dán omi náà wò, kí ẹ rí i pé kò purọ́.

Nígbà tí Fàtáì pé ọmọ ọdún mẹ́ta, mo tún lóyún. Agbẹ̀bí ló sọ fún yín. Nítorí pé ẹ ò lè wọ ilé wa, ẹnu ọ̀nà ilé ìgbẹ̀bí ni ẹ ti dúró dè mí. Ẹ fa ẹ̀jẹ̀ mi, ẹ fi ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Parakú. Èsì tó padà wá ni pé ara mi ti kọ́ ìjà náà. Ẹ bẹ̀ mí pé Parakú ni kí n ti bí ọmọ. Mo sọ fún Ràímì. Ó ní, "Ẹni tó ba ti àkọ́kọ́ jẹ́ ló tún fẹ́ máa pàṣẹ lórí èkejì?" Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Oyún náà ò tíì pé oṣù mẹ́sàn-án tí mo fi bí i sí Manígìrì. Obìnrin ni. Ara rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata rodo tí kò tíì pọ́n tán, láàárín àwọ̀ ewé àti pupa, àwọ̀ kan tí mi ò rí lára ọmọ rí. Ní ọjọ́ kẹta, ó mí kan, kò mí èkejì. A ò tíì sọ ọ́ lórúkọ.

Ọ̀sán ọjọ́ tí a sin ín, ilé kún. Àbúrò bàbá Ràímì, obìnrin kan tó lẹ́nu, bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé ta ló jẹ ọmọ náà. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi ló ń wò. Ẹ̀yin ará ìlú mi, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe eré láàárín wa. Wọ́n ti lé àgbàlagbà kúrò nílé lórí ohun tí kò tó bẹ́ẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà agbolé ni a ti gbọ́ ohùn yín. Ẹ ò wọlé. Wọ́n ní kí ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ ò sì tẹ̀ ẹ́. Láti ìta ni ẹ ti gbóhùn sókè pé, "Ẹ̀yin ará ilé yìí, ẹ má wá ẹnikẹ́ni. Èmi rèé. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ló pa ọmọ náà. Mo ti sọ ọ́ fún Ràímì kí oyún yìí tó dé rárá. Ẹ bi í."

Gbogbo ojú yí sí Ràímì. Ó lè dákẹ́. Inú ń bí i, ó sì ní ìdí. Ṣùgbọ́n ó gbé orí sókè, ó ní, "Òótọ́ ni. Ó sọ ọ́." Ìyá ọkọ mi dìde, wọ́n rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n di apá yín mú, wọ́n ní, "Ọmọ mi ló lé ọ. Èmi ni mo ni ilé. Wọlé." Ẹ wọlé, ẹ jókòó sórí ilẹ̀ lásán pẹ̀lú wa títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Títí ìyá ọkọ mi fi kú, ohun tí wọ́n máa ń sọ nípa yín kò ju èyí lọ: "Ọkùnrin yẹn gba ẹ̀sùn tí ì bá pa mí."

Nígbà oyún kẹta, mi ò bi ẹnikẹ́ni mọ́. Oṣooṣù ni mò ń wá sí Basílà kí ẹ fa ẹ̀jẹ̀ mi. Ẹ ní ìwé àkọsílẹ̀ kan, kàyé aláwọ̀ ewé kan tí ẹ ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tí kò ní résùs sí, láti Basílà dé Alédjo, àti ilé tí a ti lè bá wọn. Nígbà tí oṣù kẹjọ wọ̀, Ràímì bi mí pé, "Kí ló ní ká ṣe?" Ó lè bi yín fúnra rẹ̀, èmi ló bi. Mo ní Parakú ni. Ó ní ó dára.

Ẹ̀yin lẹ wá ọkọ̀. Ẹ lọ mú Sèídù, gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní Basílà, láti inú kàyé yẹn, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ni ọmọ lè gbà láìsí ìjà. Ràímì jókòó síwájú. Èmi, ẹ̀yin àti Sèídù wà lẹ́yìn. Gbogbo ọ̀nà yẹn, Ràímì ò bá yín sọ ọ̀rọ̀ kan. Sèídù ni kò jẹ́ kí ọkọ̀ dákẹ́, ó ń ròyìn bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń bẹ̀rù pé wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ ọkọ òun gbẹ.

Wọ́n bí Àmínátù kó tó àkókò. Ó kéré, ara rẹ̀ sì ti ń pọ́n. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń fi ti Sèídù dípò rẹ̀. Wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ iná aláwọ̀ sánmà láti fi wo ara pípọ́n náà, wọ́n fi aṣọ bò ó lójú. Ẹ̀yin dúró lẹ́yìn dígí, Ràímì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ní ọjọ́ kẹrin ni ó ké, igbe gidi, igbe ọmọ tí ebi ń pa. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, a gbé e wálé.

Mi ò ní sọ pé gbogbo rẹ̀ dára. Etí ọ̀tún Àmínátù kò gbọ́ràn dáadáa. Ẹ̀yin gan-an lẹ kọ́kọ́ mọ̀, nígbà tí ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí kò yí orí, ẹ sì sọ ọ́ fún mi lójú ẹsẹ̀. Ó ń lọ sí lekọ́ọ̀lù, ilé ìwé, báyìí, iwájú ni ó ń jókòó, ó sì ń ṣe dáadáa. Mi ò bímọ mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ mi tó kú sì kú. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo bá rí ọmọbìnrin tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ tó gbé omi kọjá, tí inú mi á bàjẹ́ sí yín. Mo sọ ọ́ fún yín nígbà kan. Ẹ ò bẹ̀rẹ̀ àlàyé, ẹ ò mú Ọlọ́run wọ inú rẹ̀. Ẹ kàn ní, "Mo mọ̀, Sàlámátù." Ìdáhùn yẹn tó mi.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí Manígìrì lọ́jọ́ ọjà, láti máa wo oríṣi ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọge kí wọ́n tó lóyún. Ẹ máa ń ní kí n jókòó tì yín, kí n bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ ní, "Tèmi, ìwé ni. Tìrẹ, ojú lo fi rí i." Mo ti bá ọ̀pọ̀ obìnrin sọ̀rọ̀. Bí ọ̀kan bá ní òun ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́, mo máa ń mú un délé, kí n pe Àmínátù jáde fún un.

Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru dá yín wólẹ̀, tí apá ọ̀tún yín kò ṣiṣẹ́ mọ́, Ẹ̀míìlì tí ẹ kọ́ níṣẹ́ ló gba àga yín. Mo gbé iṣu wá kí yín. Orí bẹ́ẹ̀dì ni ẹ wà, ẹ̀ ń bi Ẹ̀míìlì pé mélòó ló kà lọ́jọ́ náà, ṣé ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ni ẹ yíjú sí mi, ẹ bi mí léèrè ohun tí ẹ máa ń bi mí nígbà gbogbo: "Ọkọ rẹ ńkọ́? Iṣu rẹ̀ ta dáadáa?" Mo ní ó dára, pé ó ní kí n kí yín. Kò ní kí n kí yín. Ẹ sì mọ̀. Ẹ fi ìlàjì ẹnu rẹ́rìn-ín, ẹ ní, "Bá mi kí i padà."

Ọjọ́ tí a gbọ́ pé ẹ ti lọ, Ràímì wà lóko. Èmi fúnra mi ni mo rìn lọ bá a. Ó ń kọ ebè. Mo ní, "Bàbá Bẹnuwá ti kú." Ó fi ọkọ́ sílẹ̀, ó jókòó sórí ebè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ, ohun tí àgbẹ̀ kì í ṣe. Ó ní, "Mo ti dárí jì í láti Parakú. Láti ìgbà tí ọmọ ti ké. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ pé n ó lọ sọ fún un."

Mo ní, "Kí ló wá dé tí o ò lọ?"

Ó ní, "Ẹnu mi kò gbé e." Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́, erùpẹ̀ kùn ún lójú. Ó ní, "Ìwọ ni wọ́n ní kí o kọ̀wé. Bá mi kọ ọ́ síbẹ̀. Kọ ọ́ kó hàn."

Bàbá, mo ti kọ ọ́. Ràímì ti dárí jì yín. Ó pẹ́ kó tó sọ, kò pẹ́ kó tó ṣe é. Lónìí, òun wà lára àwọn mẹ́fà tí yóò gbé yín dé ilé ìkẹyìn. Bí ẹ bá gbọ́ pé ọ̀kan nínú wọn ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí yín, ẹ fetí sí i, ẹ̀yin ni ó ń bá sọ̀rọ̀.

Kí ilẹ̀ Basílà rọ̀ yín lọ́rùn. Ẹ sùn re o, Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ kò jẹ́ kí ẹlòmíràn gbé ẹ̀bi yín.

Sàlámátù, ìyàwó Ràímì,
Manígìrì.